Ìtàn Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ ní Ìlú Kùmásì

Àwọn baba wa kì í fi ohun tí ó bàjẹ́ sílẹ̀ láìwá àtúnṣe sí i. Bí igbá bá fọ́, ẹni tí ń so igbá a fi okùn so ó pọ̀. Bí ọkọ́ bá kán, alágbẹ̀dẹ a tún un rọ. Bí aṣọ bá ya, abẹ́rẹ́ àti òwú a pa á pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dà bí ẹyin: bí ó bá ti balẹ̀ tí ó fọ́, kò sí ẹni tí í kó o jọ. Ohun náà ni gíláàsì. Nítorí ìdí èyí, nínú gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀, gíláàsì iwájú ni ó ń fi hàn wá jùlọ bí ọgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ti jinlẹ̀ tó, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìlú kan tí ìtàn yìí ti hàn gbangba ni Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí àtúnṣe ọkọ̀.

Kùmásì ni olú ìlú àwọn Àṣáńtì. Ní ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà tí wọ́n sì mú Ọba Prempeh lọ sí ìgbèkùn. Ní 1903 ni ọkọ̀ ojú irin ti Sẹ́kóńdì dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wọ́ tìrítìrí wá sí ìlú náà: Hausa, Mòsí, Dàgómbà, àti àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ìgbòho àti ìlú mìíràn. Àdúgbò àwọn àlejò wọ̀nyí ni a ń pè ní Sóńgò, bí a ti ń pe ti Ìbàdàn ní Sábó. Nígbà tí Sóńgò kún, àwọn ènìyàn tàn kálẹ̀ sí àwọn àdúgbò tuntun ní apá ìlà-oòrùn ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ni Sàwábà, nítòsí Asáwásé àti Àbóàbó. Ọ̀rọ̀ Hausa ni orúkọ yìí. Ìrọ̀rùn tàbí ìdáǹdè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ ìtàn òṣèlú Òkè-Ọya yóò rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NEPU ti Mallam Aminu Kano máa ń ké ní ibi ìpàdé wọn.

Ọkọ̀ kékeré tí ń kó èrò àti ẹrù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Tọrótọrọ ni àwọn ará Gánà ń pè é, nítorí pé tọ́rọ́ ni owó ọkọ̀ náà nígbà kan rí. Bí òkúta bá ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ mìíràn lu iwájú irú ọkọ̀ yìí ní ọ̀nà Tàmálè, awakọ̀ kò lè rí gíláàsì mìíràn fi sí i ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Sàwábà. Yóò la ìlú já lọ sí apá àríwá, lójú ọ̀nà Ófíńsò, sí ibi tí a ń pè ní Súàmé Màgàsíìnì. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì, àwọn ajórin-mọ́rin, àwọn tí ń lu ara ọkọ̀, àwọn tí ń kùn ún, àti àwọn tí ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ kóra jọ sí. Iye wọn ju ọ̀kẹ́ kan lọ dáadáa. Ilé tí àwọn ọmọ-ogun ń kó ohun ìjà sí ni ó fún ibẹ̀ ní orúkọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, kí wọ́n tó kó lọ sí Súàmé. Wọ́n kó orúkọ náà dání lọ bí ẹni kó ẹrù.

Ṣùgbọ́n kí Màgàsíìnì tó di ńlá, iṣẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì rárá. Iṣẹ́ káfíńtà ni. Ní ìgbà Gómìnà Guggisberg, láti 1919 dé 1927, ni ìjọba Gòólù Kóòsì la ọ̀nà ọkọ̀ púpọ̀, tí lọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí kó kòkó láti oko wá sí ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lọ́rì tí ó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, bí irú ti Bedford, kò ní ara. Ẹ̀ńjìnnì, egungun irin àti ẹsẹ̀ nìkan ni. Káfíńtà ìlú ni ó ń fi pákó kọ́ èyí tí ó kù. Irú ọkọ̀ náà ni àwa Yorùbá mọ̀ sí bọ́lẹ́kájà. Gíláàsì pẹlẹbẹ ni a ń fi sí iwájú rẹ̀, bí ti fèrèsé ilé. Bí ó bá fọ́, ẹni tí ó ní ọ̀bẹ ìgé-gíláàsì yóò wọn ojú férémù, yóò gé òmíràn, yóò sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ de etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ọkọ̀ a ti padà sójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ yìí rọrùn, ó sì pọ́n lówó, ṣùgbọ́n ewu ńlá wà nínú rẹ̀. Gíláàsì lásán a máa fọ́ sí ọ̀bẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ igi, gíláàsì iwájú ni ó ń ya ojú àti ọrùn àwọn tí ó jókòó níwájú. Kì í ṣe ní Áfíríkà nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìyọnu kan náà ni ó bá àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti inú ìyọnu náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti rí gíláàsì tí ó sàn jù.

Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ nìyí. Ní 1903, ìgò kan bọ́ láti orí pẹpẹ ní yàrá ìwádìí Édouard Bénédictus, ará Faransé tí ó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà àti oníṣẹ́ ọnà. Ìgò náà sán káàkiri, ṣùgbọ́n kò túká. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé oje kan tí ó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ ni ó di àwọn èéfọ́ náà mú. Lẹ́yìn tí ó gbọ́ ìròyìn àwọn tí gíláàsì ọkọ̀ ṣá lọ́gbẹ́, ó rántí ìgò yìí. Ní 1909 ó gba ìwé àṣẹ fún gíláàsì oníbejì tí a fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀, ó sì pè é ní Triplex. Bí ó bá fọ́, ike náà a di èéfọ́ mú kí ó má ba ènìyàn jẹ́. Nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, irú gíláàsì yìí ni a fi ṣe ojú ìbòjú tí àwọn ọmọ-ogun ń lò sí èéfín olóró. Òfin ojú ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1930 sì mú gíláàsì aláìléwu di dandan fún iwájú ọkọ̀ tuntun. Ike ti àkọ́kọ́ a máa pọ́n bí oòrùn bá pa á pẹ́. Ní nǹkan bí òpin ọdún 1930 sí 1939 ni a rí òmíràn tí kì í pọ́n, èyí tí a ń lò títí di òní.

Ọ̀nà kejì tún wà. A lè mú gíláàsì kan ṣoṣo, kí a fi iná yọ́ ọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, kí a sì fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i ní ojú méjèèjì lójijì. Gíláàsì bẹ́ẹ̀ a le gan-an, bí ó bá sì fọ́, a di wóró-wóró bí iyọ̀ òkúta, kì í di ọ̀bẹ. Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí òkúta kékeré kan bá lù ú, gbogbo rẹ̀ lè funfun lẹ́ẹ̀kan náà bí ìkùukùu, tí awakọ̀ kò ní rí ọ̀nà mọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ti fi ẹ̀ṣẹ́ lu ihò sí i kí ó lè rí iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gé e lẹ́yìn tí ó ti gba iná. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣe é ní ìwọ̀n kan, ìwọ̀n náà ni yóò jẹ́ títí láé.

Nígbà tí irú àwọn gíláàsì wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí dé Kùmásì lára ọkọ̀ tuntun, pàápàá lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Gíláàsì kò tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́. Ó tẹ̀ bí ìlàjì igbá. Ọ̀bẹ ìgé-gíláàsì kò wúlò fún un. Ohun tí ó wá di iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni ìyọkúrò àti ìfisípò.

Rọ́bà ni a fi ń de gíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Oníṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gbá gbogbo èéfọ́ kúrò, yóò ha ìpẹtà kúrò létí irin, yóò sì fi rọ́bà yí etí gíláàsì tuntun ká. Rọ́bà yìí ní ojú ihò gígùn méjì: ọ̀kan gba etí gíláàsì, èkejì ni yóò gbá etí irin ọkọ̀ mú. Nínú ihò kejì ni yóò tẹ́ okùn tín-ín-rín kan sí yípo, tí orí rẹ̀ méjèèjì yóò pàdé ní ìsàlẹ̀. Yóò fi omi ọṣẹ pa á kí ó lè máa yọ̀. Ẹnì kan yóò dúró lóde tí yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì. Ẹnì kejì yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò sì máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ètè rọ́bà ń gorí irin, títí gíláàsì yóò fi jókòó pẹ́sẹ́. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni ó ń ṣe é pọ̀, ohùn kan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́. Bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ bá kánjú, gíláàsì tí a fi owó iyebíye rà a sán lọ́wọ́ wọn.

Kò pẹ́ tí owó náà fi di ìṣòro. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí ó lọ. Àwọn tí ó ti gbé Kùmásì fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, di ẹrù lọ́ganjọ́, wọ́n sì ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀ kò rí arọ́pò ní kíá, nítorí àwọn ni ó ń gbé ẹrù wẹ́wẹ́ láti ìlú ńlá dé abúlé. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, owó tí Gánà lè fi ra ọjà ní òkè òkun dín kù. Ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun di ohun tí a ń fi àtùpà wá. Nígbà tí Gánà tún yí ìrìn ọkọ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1974, ọdún méjì lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ tí ó ní láti kúrò ní apá kan sí èkejì àti ohun tí ń nu òjò lójú gíláàsì tún fi iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Ìgbà ọ̀wọ́n yìí gan-an ni Súàmé Màgàsíìnì gbilẹ̀. Ohun tí a kò lè rà, a ní láti ṣe é. Irin àlòkù di bíríkì ìdádúró àti bọ́ọ̀tì. Igi di ara ọkọ̀. Ẹ̀ńjìnnì mẹ́ta tí ó ti kú di ọ̀kan tí ó yè. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Kùmásì rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ó ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 1972 láti máa gba àwọn oníṣẹ́ nímọ̀ràn, ní 1980 ó sì gbé ẹ̀ka rẹ̀ kan lọ sí àárín Súàmé fúnra rẹ̀, kí àwọn oníṣẹ́ lè rí ẹ̀rọ lò kí wọ́n sì kọ́ ìlò rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó dìde lọ bá àwọn tí kò wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Síbẹ̀ Màgàsíìnì kò lè rọ gíláàsì. Kì í ṣe pé gíláàsì ṣe àjèjì sí wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn Yorùbá ń fi ohun tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ tiwọn yọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ní Gánà bákan náà, àwọn Kìróbò ń lọ èéfọ́ ìgò, wọ́n sì ń fi iná sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ìlẹ̀kẹ̀ dé gíláàsì iwájú ọkọ̀, èyí tí ó gbọ́dọ̀ tẹ́ jọ̀lọ̀, kí ó mọ́ gaara, kí ó sì fọ́ láìpa ènìyàn. Nítorí náà ni ọgbọ́n Màgàsíìnì fi yí sí ibòmíràn. Wọ́n kọ́ bí a ti ń yọ gíláàsì lára ọkọ̀ tí ó ti kú, láìsán, kí a lè fi í sí ara èyí tí ó wà láàyè. Ìyọkúrò yìí le ju ìfisípò lọ, nítorí rọ́bà tí oòrùn ti pa fún ọdún mẹ́wàá a máa le bí igi. Ọ̀gá tí ó bá lè yọ ọ́ ní odindi ni a ń pè ní ọ̀gá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbẹ́yìn. Wọ́n padà sí ilé ní ọdún ọ̀dá àti ìyàn. Bí a ti ṣe sí wa ní 1969 ni a ṣe sí wọn ní 1983, ìlú méjèèjì sì pàdánù ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ní ọdún yìí kan náà ni ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ẹnu ibodè ọjà. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù àti Japáànù kún ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ ẹrù tí kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ará Súàmé gé ihò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n fi gíláàsì sí i, wọ́n jó ìjókòó mọ́ inú wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di ọkọ̀ èrò.

Pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni àyípadà tí ó wúwo jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí dé. Rọ́bà ti lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún 1960 sókè láti máa fi àtè líle lẹ gíláàsì iwájú mọ́ irin, àwọn ilẹ̀ yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Kì í ṣe ọ̀nà ìdè nìkan ni ó yí padà, ipò gíláàsì fúnra rẹ̀ yí padà. Ní ayé rọ́bà, fèrèsé ni; ní ayé àtè, ó di ara ògiri. Ó ń bá òrùlé ọkọ̀ gbé ẹrù bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ó ń dá èrò dúró kí wọ́n má baà fò jáde. Nínú ọkọ̀ tí ó ní àpò afẹ́fẹ́ fún ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, gíláàsì yìí ni àpò náà sábà máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tí ó bá wú.

Iṣẹ́ àtè kò jọ iṣẹ́ rọ́bà. Wáyà tín-ín-rín ni a fi ń gé gíláàsì àtijọ́ kúrò, tí ẹni méjì ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. A ó fá àtè àtijọ́ kù díẹ̀ létí irin, nítorí tuntun a máa mọ́ ọn dáadáa. A ó nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Epo ọwọ́ lásán tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. A ó kun etí gíláàsì àti ibi tí irin bá ti hó, a ó sì ta àtè yípo láìjẹ́ kí ó já níbì kankan. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé gíláàsì lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú àtè yìí gan, ṣùgbọ́n bí òjò bá kán sí ojú irin kí a tó lẹ̀ ẹ́, kò ní mọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ sinmi. Irú kan ń fẹ́ wákàtí kan, òmíràn ń fẹ́ ọjọ́ kan gbáko, kí ọkọ̀ tó tún gbéra.

Ìhín ni ọ̀ràn wà. Awakọ̀ Sàwábà tí ó gbé ọkọ̀ wá ní òwúrọ̀ ní owó tí yóò jíṣẹ́ fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ ní alẹ́. Ó ń fẹ́ lọ. Àtè tí ó dára wọ́n. Èyí tí a fi ń dí etí fèrèsé ilé pọ́n lówó, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jọra. Bí oníṣẹ́ bá lo èyí tí kò yẹ, tàbí tí ó bá jẹ́ kí ọkọ̀ lọ kí àkókò tó pé, gíláàsì náà yóò dúró. Kò ní jò. Yóò máa dán. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ ní Gánà láti 1999 yóò wò ó, yóò rí i pé kò sán, yóò sì lẹ ìwé àṣẹ mọ́ ojú rẹ̀. Olùyẹ̀wò ń rí sísán. Kò lè rí àtè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé ni a ó tó mọ̀ bóyá ògiri ni a kọ́ tàbí a kàn gbé fèrèsé ti ibẹ̀ lásán.

Nítorí náà, ààbò àwọn èrò tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òfin nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ kan tí ó mọ ìdí tí a fi ń nu etí irin, tí ó sì ń nù ún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ayé rọ́bà tí kò tún un kọ́ lè máa ṣe iṣẹ́ àtè pẹ̀lú ọkàn mímọ́, kí ó sì máa fi ẹ̀mí ènìyàn wewu. Ọ̀wọ́n gíláàsì kọ́ àwọn ará Súàmé ní sùúrù ìyọkúrò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń béèrè ìmọ̀ mìíràn lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ tí kò sí nínú ojú àti ọwọ́ nìkan, ṣùgbọ́n nínú ìdí ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí ń jókòó níwájú wọn lónìí ni yóò wá di ọmọṣẹ́ lọ́la, ní Kùmásì, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, níbikíbi tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ́ wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti ẹni tí kò lórí ìwé, wọn yóò lọ sí ìdí iṣẹ́ láìmú ìbéèrè kankan dání. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ́ wọn láti máa béèrè ìdí tí ohun kan fi rí bí ó ti rí, ìdí tí ìgò Bénédictus kò fi túká, ìdí tí omi ọṣẹ fi ń mú rọ́bà yọ̀, ìdí tí àtè fi ń fẹ́ àkókò, wọn yóò mú ìbéèrè náà dé Màgàsíìnì. Wọn yóò sì jẹ́ kí àtè gan kí wọ́n tó fún awakọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.